Orúkọ Tó Wà Lọ́nà

Ọjọ́ Àìkú ni èmi àti ọmọ mi máa ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbé omi tíì kaná, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, màá sì pè é. Àjà kẹrìnlá ni mò ń gbé ní Weston, ní ìlú Toronto. Mo lè rí odò láti ibẹ̀, mo sì lè rí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí àárín ìlú. Òun wà ní orílẹ̀-èdè ọkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, nítorí ó ṣì ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ wọn. Yunifásítì níbí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé. Nígbà tí ara bàbá ọkọ rẹ̀ kò yá mọ́, wọ́n padà sílé lọ tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó mi, ìyá ọmọ mi, ti kú nígbà yẹn. N kò sọ pé kó lọ, n kò sì sọ pé kó má lọ. Mo bá a di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí n tó wọ kíláàsì kìíní, àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Orúnkún mi kì í gba abẹ́ tábìlì. Mo kọ́ láti máa dákẹ́ kí wọ́n má baà máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí mo sì kúrò níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bá mi jáde. Ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Nígbà tí ọmọ wa ṣì wà ní ilé ìwé, òun àti ìyá rẹ̀ lè lo wákàtí kan lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ á gbé fóònù fún mi, màá sì bi ọmọ mi bóyá ó ti jẹun. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní òun ti jẹun. Ó parí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò gùn. Ìyàwó mi fi orúkọ kan sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ní ilé ìwòsàn, oòrùn wà lórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Nọ́ọ̀sì lòun fúnra rẹ̀, ó mọ ibi tí àìsàn náà dé ju bí àwọn dókítà ṣe ń sọ ọ́ fún wa lọ. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "Tí ọmọ wa bá bímọ, bó ṣe ọkùnrin, bó ṣe obìnrin, èyí ni kí ẹ bá mi sọ ọ́." Ó sọ orúkọ náà. Ó ní kí n sọ ọ́ tẹ̀lé òun, mo sì sọ ọ́. Ọmọ wa kò tíì ní ọkọ nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ọ́ fún un. Ó gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹrù fún ará ilé tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pe orúkọ náà síta mọ́. Ọmọ mi kàn mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi ni.

Oyún ọmọ mi ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà tí wọ́n fẹ́ dìbò ní orílẹ̀-èdè ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbò náà, ó sọ fún mi pé gbogbo ìlú ló ń sọ pé ìjọba máa ti íńtánẹ́ẹ̀tì pa. Bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà ìbò tó kọjá nìyẹn. Wọn kò ní ṣí i títí ẹni tó wà lórí oyè á fi kéde pé òun náà ló wọlé.

Ó ní, "Dádì, ẹ sọ orúkọ tí Mọ́mì fi sílẹ̀ fún mi báyìí."

Mo ní, "A kì í sọ ọmọ inú lórúkọ."

"Mo mọ̀. Mi ò ní pè é. Mi ò tiẹ̀ ní sọ fún ọkọ mi. Ẹ kàn jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi."

"Jẹ́ kí ọmọ dé. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, màá pè, màá sọ ọ́."

"Tí ẹ ò bá rí mi pè ńkọ́?"

Mo ní Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò burú. Bí inú bá ti ń bí i, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bọ́ sí.

Kì í ṣe agídí lásán ló ṣe mí. Ìyá mi sọ ọmọ kan lórúkọ nínú oyún rí, ó sì máa ń pè é bó ṣe ń fọ aṣọ, bó ṣe ń lọ sódò. Ọmọ náà kò dúró. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Nínú ilé wa, a kì í ra ìkòkò àgbo, a kì í ra aṣọ, a kì í dárúkọ, títí ẹkún ọmọ á fi jáde. Ìyàwó mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fara mọ́ ọn.

Ní ọjọ́rú, mo kọ̀wé sí ọmọ mi lórí fóònù láti béèrè bó ṣe sùn. Ọ̀rọ̀ náà kò débẹ̀. Mo pè é, ohùn obìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dá mi lóhùn pé kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Mo pe ọkọ rẹ̀, obìnrin kan náà ló dáhùn. Mo ra káàdì ìpè, mo pe fóònù ilé àwọn òbí ọkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ dún.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa ṣí ilẹ̀kùn. Ilé ńlá kan wà ní àárín ìlú tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ti ń pàdé, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, inú rẹ̀ tutù, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì dà bí òjò lórí páànù. Àwọn tó bá wá tún nǹkan ṣe kò gbọ́dọ̀ dá wọlé. Èmi ni mo máa ń mú wọn lọ, màá ṣílẹ̀kùn, màá dúró tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin Ìbàdàn kan tó gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé Kánádà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn ẹ̀rọ yẹn, àwọn òyìnbó á máa wò wá. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ọ̀nà náà, mo bi í léèrè bí ìjọba ṣe lè ti gbogbo rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Bàbá, níbí, ilẹ̀kùn pọ̀. Bí ẹnì kan bá ti ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á gba òmíràn. Lọ́hùn-ún, ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wáyà tó ti ìta wọlé ń gbà kọjá, ìjọba ló sì ni ilé náà. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù kàn ń háyà ọ̀nà lọ́wọ́ wọn ni. Ìwé á ti òkè wá, ẹnì kan á sì pa á."

Mo ní, "Ẹnì kan?"

"Ẹnì kan tó o, sà."

Mo bi í bóyá kò sí àbùjá. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọdé ní ohun kan tí wọ́n ń gbé sórí fóònù láti fi yẹra fún ìdènà. Ó ní àbùjá wúlò níbi tí ọ̀nà bá wà tí wọ́n kàn fi igi dí i. Ó ní ti èyí yàtọ̀, ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n ká nílẹ̀ bí ẹní. Ó wò mí lójú, ó wá béèrè ẹni tí mo ní níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi, aboyún ni. Ó lọ ra tíì wá fún mi.

Mo mọ ẹnì kan yẹn tó ń pa á. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ rí. Kí n tó kúrò nílé, òṣìṣẹ́ wáyà ni mí ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nígbà tí àwọn ológun wà lórí oyè. Ọ̀gá wa máa ń fún wa ní bébà tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ. A ó lọ sí ìdí àpótí irin tó wà lẹ́bàá títì, a ó ṣí i, a ó wá wáyà méjèèjì tó jẹ́ ti nọ́ńbà náà, a ó sì yọ wọ́n. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, àpótí náà kángun sí ilé ìyá àgbàlagbà kan. Ó jáde, ó kí mi kú iṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti ń bá wa tún un ṣe? Sátidé ni ọmọ mi máa ń pè láti Jámánì." Ọjọ́ kejì tí mo yọ tirẹ̀ nìyẹn, ti ẹlòmíràn ni mo wá yọ. Mo ní, "À ń yẹ̀ ẹ́ wò, Mà." Ó padà wọlé, ó gbé omi tútù wá fún mi nínú ife dígí. Mo mu ún.

N kò sọ ìtàn yẹn fún ìyàwó mi rí.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Weston tó jẹ́ ti obìnrin kan láti orílẹ̀-èdè tí ọmọ mi wà. Ó ń ta ìrẹsì, tùràrí, ata gbígbẹ àti káàdì ìpè. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ibẹ̀ dà bí ilé ọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá láti ibi gbogbo, ẹnì kan tilẹ̀ ti Georgetown, ìlú tó wà lẹ́yìn Toronto, wá, láti gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ní àbúrò òun tó ń gbé nítòsí ẹnubodè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè kejì lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní gbogbo wọn wà láàyè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, nítorí mo máa ń wá ra àwọn nǹkan tí ọmọ mi ní kí n tọ́ wò. Ó ní òun ń lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì, torí ìyá òun ti darúgbó jù. Ó ní ọkọ̀ òfurufú ń lọ, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn kò jẹ́ kó lọ. Mo bi í bóyá ó lè bá mi mú lẹ́tà kan dání.

Ó ní rárá. Ó ní ní irú àkókò yìí, gbogbo bébà tó bá wà nínú báàgì ni wọ́n ń kà ní pápákọ̀ òfurufú, èyí tí wọn kò bá sì gbọ́ èdè rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. "Fi í sí mi lẹ́nu," ó ní. "Kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń yẹ ahọ́n wò."

Mo ní orúkọ ni. Mo ní n kò lè sọ ọ́ tí n kò bá mọ̀ bóyá ọmọ ti dé.

Ó wò mí títí. Ó ní òun ti bá àwọn ará Nàìjíríà gbé ní àdúgbò yìí fún ogún ọdún, wọ́n ń pariwo bí wọ́n bá ra iyọ̀, wọ́n ń pariwo bí wọ́n bá dá ṣéńjì padà. Ẹyọ kan tó dákẹ́ nínú wọn, òun ni Ọlọ́run wá gbé fún òun ní ọ̀sẹ̀ tí òun nílò ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n lọ rò ó, aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì lòun máa jáde.

Mo rò ó. Bí ọmọ bá ti dé, kò sí èèwọ̀ kankan. Bí kò bá tíì dé, èmi ni mo fi ẹnu ara mi pe ohun tí ìyá mi pè. Dókítà ti dá ọjọ́bọ̀ fún un. Ọjọ́bọ̀ dé, ó kọjá, mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, n kò sì mọ̀ bóyá mo ti di bàbá àgbà. Ohun tí mo ń rò jù ni pé bí ìyàwó mi bá wà, kò ní sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Á ti wà níbẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, òun àti kànrìnkàn rẹ̀ àti òrí rẹ̀, á ti máa bá ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ jà lórí bí omi ìwẹ̀ ọmọ ṣe yẹ kó gbóná tó. Òun ni ì bá gbé orúkọ náà lọ fúnra rẹ̀. Èmi wà níbí pẹ̀lú rẹ̀, mo fi òfin dì í mú. Ọmọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n gbé e fún òun nígbà tí ọ̀nà ṣì là. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe ìjọba kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbàyè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán. Yìnyín ń yọ́ lójú títì, bàtà mi tutù kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ẹ̀yìn, láàárín àwọn àpò ìrẹsì. Mo sọ orúkọ náà. Mo tún un sọ.

Ó gbìyànjú rẹ̀. Kò rí i pè. Ó ní ṣé orúkọ ni àbí orin, ibi tí ó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ yìí. Mo fi ọwọ́ hàn án bí ó ṣe ń lọ, òkè, àárín, ilẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kọ́ mi ní ilé ìwé nígbà tí mo ti ń hu irùngbọ̀n. Ó tún gbìyànjú, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ń pè é bí ẹni ń ka ẹyin. Ó wá béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló yàn án?"

Mo ní ìyàwó mi.

"Ṣé ó wà nílé?"

Mo ní ó ti di ọdún mẹ́rin tó kú.

Ó ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo pè é. Ó dijú, ó sì pè é gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sọ àdúgbò tí ọmọ mi ń gbé fún un àti ilé epo tó wà ní ìkángun òpópónà náà, ó ní òun mọ ibẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e fọn fèrè, ó sì lọ. Mo dúró sí ẹ̀yìn àwọn ìrẹsì yẹn. Orúkọ náà ti jáde lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣófo, ìyàwó mi ti lọ, ohun tó fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ náà ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gùn. Bí mo bá mú àwọn èèyàn wọ inú àwọn yàrá ẹ̀rọ yẹn, màá rí iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, aláwọ̀ ewé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ló ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin Ìbàdàn yẹn máa ń wá mi wá ní ìsinmi ọ̀sán. Á kàn mi orí láti sọ pé wọn kò tíì ṣí i. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé omi kaná, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, omi náà sì hó títí ó fi gbẹ.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ Ajé. Mò ń jẹun lọ́wọ́ ní yàrá ìsinmi. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi, kò sì dákẹ́. Gbogbo ohun tí ọmọ mi ti kọ láti ọjọ́ náà ló ń já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tàná ṣáájú tìjẹta. Ọmọbìnrin Ìbàdàn náà ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ pè é." Mo jáde sí ibi àtẹ̀gùn tó tutù, mo pè é.

Wọn kò tíì ṣí fídíò, ohùn nìkan ló ń kọjá. Yorùbá ló fi kí mi. Ó ní ara òun le. Ó ní obìnrin ni, ọjọ́bọ̀ tí dókítà dá náà ló bí i. Ó ní ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ilé ọkọ òun pé jọ, gbogbo wọn sọ orúkọ tiwọn, wọ́n wá béèrè ti ilé ìyá ọmọ. Òun ní ó wà lọ́nà. Bàbá ọkọ òun tó ń ṣàìsàn ní kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí gbogbo nǹkan tó wà ní ìlú yìí ló ń pẹ́ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá kan wá kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ti dí ojú ọ̀nà, ọjọ́ mélòó kan ni ó fi dúró ní ìlú mìíràn. Ọmọ mi ní ìyá náà kò kí ẹnikẹ́ni, kò sọ ẹrù kalẹ̀, orúkọ náà ló kọ́kọ́ sọ. Ìyá náà ní òun ti ń pè é láti Toronto, òun kò fẹ́ kó bọ́ lẹ́nu òun. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó béèrè omi.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, mo mọ̀ pé ti Mọ́mì ni. Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀."

Mo ní, "Pè é kí n gbọ́."

Ó pè é. Èmi kọ́ ló pè é fún, ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó wà nítòsí. Ohùn rẹ̀ ti jọ ti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ kó jọ ọ́ tó báyìí. Mo di irin àtẹ̀gùn mú.

Mo ní, "Ó yẹ kí n ti gbé e fún ọ lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Ó ti dé ọwọ́ mi, Dádì."

Ọmọ náà ké. Mo gbọ́ ọ dáadáa, kí ìlà tó já.

Ọmọ náà ti pé oṣù méje báyìí. N kò tíì fojú rí i. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ àwọn aṣojú ìjọba wọn, wọ́n ní kí n máa retí. Ẹni tó wà lórí oyè náà ló wọlé, ilé tí gbogbo wáyà ń gbà kọjá ṣì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ní ìbò mìíràn ń bọ̀, ti àwọn gómìnà. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù. Mò ń sọ bí mo ṣe pàdé ìyàwó mi fún ọmọ mi, àti ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun gan-an, àti ti ìyá àgbàlagbà tó fún mi lómi. Nígbà mìíràn, ọmọ rẹ̀ á ti máa ké, oúnjẹ á wà lórí iná, á ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.